Bí a ṣe ń kó géèmù kúrò lórí dísìkì Famicom kó tó pẹ́ jù

Dísìkì àkọ́kọ́ tí mo rà láti Japan fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, Zelda, orúkọ géèmù kan, ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Nígbà tí mo kà á sórí kọ̀ǹpútà, géèmù gọ́ọ̀fù ló wà nínú ẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi sí ẹni tó tà á fún mi, àfi ìgbà tó yá tí mo rí i pé kò purọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ni dísìkì náà ló gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà kan, ó san 500 yẹ́ẹ̀nì, wọ́n sì kọ géèmù tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Bí Nintendo ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìtọ́jú àwọn dísìkì yìí fi yàtọ̀ sí ti kátíríìjì (ike tí wọ́n ti kọ géèmù sínú rẹ̀ pa): orúkọ tó wà lára ò fìdí ohun tó wà nínú múlẹ̀, ẹ̀dà méjì géèmù kan náà kì í sábà bára mu, àjẹkù géèmù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù sí igun kan tí ẹnikẹ́ni ò wò rí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn, gbogbo ohun tó wà lójú dísìkì ni kó gbà, kó má gba géèmù nìkan.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ

Ọdún 1983 ni Nintendo gbé Family Computer jáde ní Japan, èyí tí gbogbo èèyàn gé kúrú sí Famicom. Òun náà ni wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún tó di NES ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1986, wọ́n fi Disk System kún un ní 15,000 yẹ́ẹ̀nì: díráífù kan, ẹ̀rọ tó ń ka dísìkì, tó ń jókòó sábẹ́ Famicom, àti àdápítọ̀ RAM tó so díráífù pọ̀ mọ́ Famicom, tí a ń kì bọ ibi tí kátíríìjì ń wọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Zelda àkọ́kọ́ jáde, orí dísìkì sì ni. Nintendo ò tà á sí orílẹ̀-èdè míì rárá. Nǹkan bí igba géèmù ló jáde fún un kí èyí tó kẹ́yìn tó dé ní 1992. Wọ́n ń bá àwọn èèyàn tún dísìkì kọ títí di oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n sì ṣíwọ́ àtúnṣe díráífù ní oṣù Kẹwàá 2007. Láti ìgbà náà, ọwọ́ oníkálukú ló kù sí.

Dísìkì náà, ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ yẹ́lò ni, àwo mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan sì wà nínú rẹ̀. Quick Disk, irú dísìkì kékeré kan ti ilé-iṣẹ́ Mitsumi, ni wọ́n gbé e kà. Ó ní ojú méjì, A àti B, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bíi báìtì 65,500. Tí géèmù bá ní kí ẹ yí i sí ojú kejì, ọwọ́ yín lẹ ó fi yọ ọ́, tí ẹ ó fi yí i, tí ẹ ó sì fi tì í padà.

Ohun kan wà nípa dísìkì yìí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí ọwọ́ yín tó kan nǹkan kan. Dísìkì kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ ní ọ̀pọ̀ òrùka tó yí ara wọn ká, orí tó ń kà á sì lè fò láti òrùka kan sí òmíràn. Ti Famicom ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń lọ́ bí ìlà orin lára àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Orí náà ò ní mọ́tò tirẹ̀. Mọ́tò tó ń yí dísìkì ló ń fi eyín kẹ̀kẹ́ fa orí náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, tí yóò sì ju ú padà. Gbogbo rẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú àáyá méje lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí bí ẹ ṣe lè sọ pé "jẹ́ kí n tún ibi kékeré yẹn kà". Gbogbo ojú náà lẹ máa tún kà láti ìbẹ̀rẹ̀, orí á sì tún rìn lórí dísìkì tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ló gba àkókò jù nínú iṣẹ́ yìí. Kíkà fúnra rẹ̀ ò pẹ́ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná

Iná Japan, 100 fóólítì ni. Tiwa níbí, 220 sí 240 ni. Ẹni tó bá ki àdápítọ̀ iná Japan bọ sókẹ́ẹ̀tì wa tààrà, èéfín ló máa rí. Tíránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ sí 100 wà ní ọjà, àmọ́ èmi ò tilẹ̀ dá ara mi láàmú: bátìrì C mẹ́fà ni díráífù náà ń gbé nínú, ẹ rọ mẹ́fà tuntun sí i kẹ́ ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ àdápítọ̀. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká yín wà lórí bátìrì tirẹ̀, díráífù wà lórí tirẹ̀, ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá ní dandan àdápítọ̀ míì lẹ fẹ́ lò, fóólítì 9 ni díráífù ń fẹ́, àárín ẹnu àdápítọ̀ ni nẹ́gátíìfù sì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn bíi ti ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà. Ẹ wo àwòrán tó wà lára àdápítọ̀ náà dáadáa kẹ́ ẹ tó kì í. Ẹ̀rọ tó bá jóná báyìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín wá pátákó inú rẹ̀.

Bẹ́líìtì

Tẹ́ ẹ bá ra díráífù tí wọn ò tíì tún ṣe, ẹ gbà pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti kú. Rọ́bà tí wọ́n lò nígbà yẹn, bó bá pẹ́, á já tàbí á yọ́. Nígbà tí mo ṣí tèmi, ó ti yọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́tò bí ọ̀dà ojú títì lọ́sàn-án gangan. Mo fi sípíríìtì nù ún títí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mi fi dúdú.

Mo kọ́kọ́ mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, nítorí mo rántí pé kásẹ́ẹ̀tì náà ń lo bẹ́líìtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní bẹ́líìtì tó lè wọ ibí yìí?"

Wọ́n gba ẹ̀rọ náà, wọ́n yí i wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Rédíò wo nìyí, àbúrò?"

"Ti géèmù ni, sà. Ti Japan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bi àwọn léèrè bẹ́líìtì. Wọ́n wá inú garawa kan, wọ́n mú ọ̀kan jáde, a fi sí i, mọ́tò sì ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. "Ó fún jù," ni wọ́n wí, "mọ́tò yẹn ò ní pẹ́ kú. Lọ ra tirẹ̀ gan-an." Ọ̀rọ̀ wọn ni mo tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ wọn náà ni mo sì ń sọ fún yín: àwọn èèyàn ṣì ń ṣe bẹ́líìtì tuntun fún Disk System gẹ́lẹ́, owó rẹ̀ ò pọ̀, ẹ má fi ti kásẹ́ẹ̀tì gbáṣẹ́.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀: ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ tú àwọn síkúrù abẹ́ àpótí náà, ẹ gbé díráífù fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀, àní èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò lè gbàgbé. Bẹ́líìtì wà lábẹ́, ó so kẹ̀kẹ́ kékeré ara mọ́tò pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí dísìkì. Ẹ nu èyí tó yọ́ kúrò pátápátá pẹ̀lú sípíríìtì tó mọ́ dáadáa, ìyẹn aísópùrópílì tí omi ò pọ̀ nínú ẹ̀, 99 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ bá rí i. Ẹyọ dúdú kan tó bá kù sára kẹ̀kẹ́ á máa mú kí ìyípo gbọ̀n. Ẹ wá fi tuntun sí i, kó má lọ́, kẹ́ ẹ sì fi ìka yí kẹ̀kẹ́ ńlá díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ó jókòó.

Síkúrù kékeré kan wà lára ibi tí dísìkì ń jókòó lé. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tó dúró sí ló ń sọ fún díráífù ibi tí ìlà dísìkì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tú u láìfi ìkọ̀wé sàmì sí ibi tó wà, ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi máa wá a. Ihò kékeré kan sì tún wà lẹ́yìn mọ́tò, ibẹ̀ ni a ti ń yí ìyára rẹ̀. Ìyẹn náà, ẹ fi í sílẹ̀ títí a ó fi dé ibi tí kọ̀ǹpútà á ti sọ fún wa bóyá ó nílò rẹ̀.

Dísìkì tó ti hù

Ìwọ̀nba dísìkì aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n ṣe tó ní ìlẹ̀kùn irin kékeré, àwọn tí wọ́n lò fún ìdíje tí wọ́n ń fi máàkì ránṣẹ́ sí Nintendo láti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn yẹ́lò tó pọ̀ jù lọ ò ní ìlẹ̀kùn. Ihò wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn àti ọwọ́ ọmọdé ló ń wọlé. Ojú ọjọ́ Japan lọ́rinrin ní ìgbà ooru, bíi tiwa ní ìgbà òjò, ọ̀pọ̀ dísìkì ló sì ti hu ohun funfun bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Ẹ mú dísìkì sábẹ́ iná, ẹ fi ìka yí àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo ojú rẹ̀ kọjá níbi ihò náà. Ojú tó dára á dán, á dúdú bákan náà yí ká. Tẹ́ ẹ bá rí àmì funfun tó-tò-tó tàbí òrùka tó ti họ, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ìhù ṣeé nù: òwú tí a fi ń ró etí, sípíríìtì díẹ̀, kí òwú má rin gbingbin, ẹ nù ún láti àárín síta, ẹ yí i, ẹ pààrọ̀ òwú, ẹ tún nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ wọ ìbòmú, nítorí kò dára kéèyàn fa ìhù yẹn símú. Tó bá jẹ́ pé dúdú ló ń wá sára òwú dípò funfun, ẹ dáwọ́ dúró: ara dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí kúrò, géèmù lẹ̀ ń nù yẹn.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ki dísìkì tó hù kan bọ̀ ọ́, kò kà, mo yọ ọ́, mo ki èyí tó mọ́ bọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí tí àkọ́kọ́ fi sára orí ló ha èkejì, ó sì fa òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lára tí mo ṣì ń rí títí dòní. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn dísìkì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi òwú àti sípíríìtì nu orí náà àti fóòmù kékeré tó dojú kọ ọ́, mo sì ń tò wọ́n láti orí èyí tó mọ́ jù dé èyí tó burú jù. Èyí tó burú jù ló ń kẹ́yìn.

Bẹ́ ẹ bá ní Famicom lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dára láti fi dísìkì kan tí kò níye lórí dán díráífù wò kẹ́ ẹ tó lo èyí tó ṣe pàtàkì. Nígbà tẹ́ ẹ bá tan án, Mario àti Luigi á máa lé ara wọn kiri lójú tẹlifíṣọ̀n títí ẹ ó fi ki dísìkì bọ̀ ọ́. Tí nǹkan bá ti wọ́, nọ́ńbà ni yóò fi hàn. ERR.01, dísìkì ò jókòó dáadáa. ERR.02, bátìrì ti ń lọ tàbí okùn ò wọlé. ERR.03, wọ́n ti ṣẹ́ ike tó ń fàyè gba kíkọ. ERR.07, ojú tí kò yẹ ló wà lókè. Èyí tó wà láàárín ERR.21 sí ERR.25, díráífù ń yí ṣùgbọ́n kò rí ohun tó retí níbi tó retí rẹ̀. Bẹ́líìtì, ìyára, tàbí síkúrù tí mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. ERR.27, ó rí i, ó kà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìyẹ̀wò tó wà lópin rẹ̀, èyí tó ń fi hàn bóyá ohun tí a kà pé, ò bá a mu. Dísìkì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbá géèmù lórí dísìkì tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú. Zelda àti ọ̀pọ̀ míì ń kọ orúkọ yín àti ibi tẹ́ ẹ dé sórí dísìkì náà. Orúkọ ọmọ Japan kan tó gbá a nígbà tó wà ní kékeré lè wà níbẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ fi tiyín pa á rẹ́.

Ẹ̀dà tútù àti ẹ̀dà tí a ti sè

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti gbé e dé orí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ bíi Famicom Dumper, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni Famicom. Ẹ ó ki àdápítọ̀ RAM bọ̀ ọ́, ẹ ó so díráífù mọ́ àdápítọ̀, USB á sì lọ sí kọ̀ǹpútà. Ó rọrùn, kò nílò okùn àkànṣe kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí àdápítọ̀ ti túmọ̀ ló ń gbà. Bí ibì kan bá ti bàjẹ́, ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ kò ju "ó bàjẹ́" lọ.

Ọ̀nà kejì ni FDSStick, igi USB kékeré kan. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é gan-an ni láti dúró gẹ́gẹ́ bíi díráífù fún àdápítọ̀ RAM, àmọ́ pẹ̀lú okùn àkànṣe, ó lè so mọ́ díráífù gidi tààrà kó sì máa gba ohun tí orí ń gbọ́ láìtúmọ̀ rẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní ẹ̀dà tútù. Ẹran tútù, ẹ lè sè é bó bá ṣe wù yín lọ́la. Èyí tẹ́ ẹ ti sè, kò ní padà di tútù mọ́. Ẹ̀dà tútù ni kẹ́ ẹ gbà.

Kí ló wà nínú ẹ̀dà tútù? Ẹ fojú inú wo onílù kan tó ń lu ìlù, tí ẹlòmíì sì ń kọ àkókò tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì sílẹ̀, tí kò kọ orin náà rárá. Orí díráífù ń gbọ́ ìlù lára dísìkì ní ìwọ̀n nǹkan bíi bíìtì 96,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Oríṣi àlàfo mẹ́ta péré ló sì yẹ kó wà: èyí tó gùn tó bíìtì kan, èyí tó gùn tó bíìtì kan àbọ̀, àti èyí tó gùn tó bíìtì méjì. Tẹ́ ẹ bá ya àwòrán gbogbo àlàfo wọ̀nyẹn, òkìtì mẹ́ta lẹ máa rí, ó sún mọ́ 10.4, 15.6 àti 20.7 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Òkìtì mẹ́ta yìí ni dókítà yín. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró ṣinṣin, tí àlàfo mímọ́ sì wà láàárín wọn, díráífù yín wà ní àlàáfíà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún sápá kan náà pa pọ̀, mọ́tò ń yára jù tàbí ó ń lọ́ra jù; ìgbà yìí nìkan ni kẹ́ ẹ mú síkúrúdíráífà tín-ín-rín kẹ́ ẹ yí ihò ẹ̀yìn mọ́tò ní ìwọ̀nba díẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á, kẹ́ ẹ tún wò ó. Dísìkì tí kò níye lórí ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tí àwọn òkìtì bá sì fẹ̀, tí wọ́n ń wọnú ara wọn, ìyípo ló ń gbọ̀n: bẹ́líìtì ń yọ̀, tàbí ẹyọ dúdú àná ṣì wà lára kẹ̀kẹ́.

Ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ń ṣe ségesège, ẹ yọ dísìkì, ẹ nu orí, ẹ tún un tì, ẹ kà á sí i. Mo ti ní dísìkì kan tó kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tó sì gbà lẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Mo sì ti ní èyí tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí mo ń gbọ́ tó ń ha. Etí ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí. Ìró "ṣáà-ṣáà" tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmì ìdádúró ni.

Ìgbà tí a bá tú u

Ètò tó bá FDSStick wá á tú ẹ̀dà tútù sí fáìlì .fds, èyí tí àwọn ètò tó ń gbé géèmù àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà ń kà. Fáìlì .fds ń fi báìtì 65,500 gbára jọ fún ojú kọ̀ọ̀kan, ó sì lè ní báìtì 16 míì níwájú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà FDS. Ohun tí kò ní ni àwọn àlàfo àárín àti àwọn nọ́ńbà ìyẹ̀wò. Oríṣi míì tó ń jẹ́ QD ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà ìyẹ̀wò náà mọ́ra, ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ 65,536. Èmi ń ṣe .fds fún gbígbá, mo sì ń fi ẹ̀dà tútù sílẹ̀ fún ìtọ́jú.

Ẹ ṣí .fds náà nínú ètò tó ń fi báìtì hàn ní híẹ́sì (nọ́ńbà tí a fi 0 dé 9 àti A dé F kọ), kẹ́ ẹ fo báìtì 16 iwájú bó bá wà. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí nìyí:

01 2A 4E 49 4E 54 45 4E 44 4F 2D 48 56 43 2A

01 yẹn ń sọ pé abala àkọ́kọ́ nìyí. Ìyókù, tẹ́ ẹ bá kà á bíi lẹ́tà, *NINTENDO-HVC* ni. Àdápítọ̀ RAM ò ní gba dísìkì tí kò bá ní i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù, lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tó jẹ́ orúkọ géèmù: ZEL ni Zelda, MET ni Metroid. Ibí ni mo ti mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni wọ́n tà fún mi.

Ẹ ka báìtì síwájú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo: 31, 32 àti 33 ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe dísìkì náà. Ẹ má jẹ́ kí ọdún ibẹ̀ dà yín láàmú. Bí ó bá jẹ́ 61 02 21, kì í ṣe 1961, bí wọ́n ṣe ń ka ọdún nípa ìjọba ọba ní Japan ni. Ọdún kọkànlélọ́gọ́ta ìjọba Shōwa ni 1986. Ẹ fi 1925 kún un, ó parí. Síwájú díẹ̀ nínú abala yìí kan náà, ẹ máa bá ọjọ́ tí wọ́n tún un kọ ní ṣọ́ọ̀bù àti iye ìgbà tí wọ́n tún un kọ. Inú mi máa ń dùn sí ibí yìí ju géèmù lọ. Ó ń sọ pé ọjọ́ báyìí ni ẹnì kan rìn wọ ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré pẹ̀lú dísìkì yìí lọ́wọ́.

Abala kejì kò ju báìtì méjì lọ: iye fáìlì tó wà lójú yẹn. Ẹ má gbà á gbọ́. Àwọn tó ṣe géèmù máa ń kọ iye tó dín sí ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe àdàkọ fi àwọn fáìlì ìyókù sílẹ̀, kí géèmù má bàa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ètò tó bá dúró síbi iye tí wọ́n kọ á gbé géèmù tí kò pé fún yín. Ẹ jẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn fáìlì tó kẹ́yìn, ẹ má pa á tì. Ibẹ̀ ni ìyókù ohun tó ti wà lórí dísìkì náà tẹ́lẹ̀ máa ń wà, géèmù àtijọ́ tí tuntun kò gùn tó láti bò mọ́lẹ̀. Nínú gọ́ọ̀fù mi, mo rí àjẹkù Zelda níbẹ̀: ìdajì fáìlì kan ṣoṣo. Ó tó láti fi hàn pé ẹni tó tà á fún mi ò purọ́.

Ẹ̀dà méjì tí kò bára mu

Ẹni tó bá ti tọ́jú kátíríìjì rí mọ̀ pé ẹ̀dà méjì géèmù kan náà sábà máa ń fún un ní SHA-1 kan náà (àmì tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó ń yí padà bí báìtì kan bá yí), tí kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti bàjẹ́. Tó bá mú ìrònú yẹn wá síbí, á da iṣẹ́ tó dára nù. Ọjọ́ àtúnkọ yàtọ̀, iye ìgbà yàtọ̀, orúkọ ọmọ tó gbá a yàtọ̀, àjẹkù ẹ̀yìn yàtọ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ tú ẹ̀dà méjèèjì sí fáìlì, kẹ́ ẹ fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé èkejì rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ti ètò géèmù àti àwòrán gbọ́dọ̀ bára mu báìtì fún báìtì. Èyí tó jẹ́ ibi ìfipamọ́ lè yàtọ̀, kò burú. Bí fáìlì ètò bá yàtọ̀ tí nọ́ńbà ìyẹ̀wò méjèèjì sì pé, ẹ fara balẹ̀: ó lè jẹ́ pé irú kejì géèmù náà lẹ ní, tí wọ́n ti tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀. Báìtì kan wà nínú abala àkọ́kọ́, nọ́ńbà 20, tó ń sọ irú èyí tó jẹ́.

No-Intro, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàkójọ ẹ̀dà géèmù àtijọ́, ní àkójọ SHA-1 fún àwọn géèmù Disk System tẹ́ ẹ lè fi wé tiyín. Bí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ẹ má tètè yọ̀, ẹ má sì tètè sọ ìrètí nù. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti ibi ìfipamọ́.

Kẹ́ ẹ wá dán an wò. Mesen, ètò kan tó ń gbé géèmù àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò. Ó ń béèrè BIOS àdápítọ̀ RAM, ìyẹn ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, fáìlì báìtì 8,192 tí àwọn èèyàn ń pè ní disksys.rom, Famicom Dumper sì lè gbà á láti inú àdápítọ̀ tiyín. Ẹ gbá géèmù náà títí yóò fi ní kẹ́ ẹ yí dísìkì sí ojú B ó kéré tán. Ojú B ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí, nítorí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ti máa ń rí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ tó sì lọ sùn.

Ibi tí wọn ó wà

Gbogbo géèmù igba tó jáde fún ẹ̀rọ yìí, tẹ́ ẹ bá kó .fds wọn jọ, kò tó fídíò ìgbéyàwó kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Kò sí àwáwí àyè. Ẹ fi wọ́n sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nínú ilé yín.

Fún dísìkì kọ̀ọ̀kan, àpò kan: ẹ̀dà tútù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ojú A, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ojú B, .fds, fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn dísìkì, fọ́tò pépà tó bò ó, ìwé ìlò bó bá wà, àti fáìlì kékeré kan tẹ́ ẹ kọ fúnra yín: ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á, díráífù wo, bẹ́líìtì tuntun ni àbí àtijọ́, ohun tẹ́ ẹ gbọ́, ohun tẹ́ ẹ nù. Orúkọ àpò náà, ẹ má fi ohun tó wà lára dísìkì sọ ọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ti ara rẹ̀ sínú fáìlì kékeré yẹn. Tèmi ṣì ń jẹ́ "gọ́ọ̀fù, Zelda lára".

Dísìkì fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà sínú pépà àti ike rẹ̀, pẹ̀lú sílíkà kékeré tó ń fa omi mu, ní ibi tí òòrùn ò dé, tó jìnnà sí ẹ̀rọ ohùn tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní ibi tí ọ̀rinrin pọ̀ bíi Èkó, ẹ máa pààrọ̀ sílíkà náà lóòrèkóòrè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kù. Nintendo àti àwọn ilé-iṣẹ́ míì ṣì ni àwọn géèmù yìí. Pé ẹ tọ́jú dísìkì tiyín kò túmọ̀ sí pé ẹ lè máa pín in káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo máa ń pín ni SHA-1, fọ́tò, àti ọjọ́ tí mo rí nínú abala àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gbogbo ìlú Japan wà, Game Preservation Society ní Tokyo, láti 2011. Bẹ́ ẹ bá bá dísìkì tí kò sí nínú àkójọ ẹnikẹ́ni pàdé, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí kẹ́ ẹ tó tún un kì bọ díráífù lẹ́ẹ̀kan sí i.